Kọ̀ǹpútà Tuntun, Àgbàfipamọ́ Àtijọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Á Mọ̀ Bí Iṣẹ́ Ọ́fíìsì Bá Dàrú Lẹ́yìn Ìpààrọ̀ Ẹ̀rọ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń yọ Sàká sọ níbi ìpàdé)

Àsàláámù àléékùn wàráhímọ́túláhì wàbárákátù.

   

Ẹnì kan lè gbọ́ àkọlé ọ̀rọ̀ yìí kí ó sọ pé: "Sàká ni mo wá yọ, kí ló kàn mí nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì?" Ó kàn yín gidigidi. Bí owó Sàká bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, inú ìwé àkọsílẹ̀ ló ń wọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ òrukàn. Inú ìwé yẹn ni orúkọ ọmọ wà, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ilé ìwé rẹ̀, orúkọ alágbàtọ́ rẹ̀, àti nọ́ḿbà àkáǹtì tí a ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni ìwé náà wà. Bí òǹkà kan ṣoṣo bá yẹ̀ nínú rẹ̀, ọmọ kan lè jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé, ẹni tó sì yọ Sàká yóò rò pé owó òun ti débi tó yẹ. Àgbàfipamọ́ ni. Nínú Àlùkùránì, àyá tó gùn jù lọ, nínú Súúrà Bákárà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé. Ẹ̀sìn wa kò fi ọwọ́ kékeré mú ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀.

Kí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì fi pààrọ̀ kọ̀ǹpútà? Ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025, Microsoft dá àtìlẹyìn tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ọjọ́ kan náà ni Office 2016 àti Office 2019 parí tiwọn. Kọ̀ǹpútà tó bá ń lò wọ́n yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n àtúnṣe ààbò tí a máa ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó fẹ́ ẹ̀rọ tó ní ohun ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tó sì ní ó kéré tán 4 GB ìrántí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ní láti ra ẹ̀rọ mìíràn pátápátá. Ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé tán ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÈKÍNNÍ: Ẹ MÁ ṢE YÁRA JU Ẹ̀RỌ ÀTIJỌ́ NÙ

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, kí a ti ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò kò le: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn wà ní ibòmíràn tó jìnnà sí ọ́fíìsì. Bí iná bá jó ọ́fíìsì, tàbí tí olè bá wọ ibẹ̀, kò lè kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ pé orí ẹ̀rọ kan náà ni ẹ ti gbé Windows tuntun wọlé, tí ẹ wá wo fódà tí ẹ kò rí fáìlì yín mọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ṣí Drive C, kí ẹ wá fódà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Windows.old. Ibẹ̀ ni ohun àtijọ́ sábà máa ń wà. Ṣùgbọ́n ẹ tètè ṣe é, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ 10 kọ̀ǹpútà yóò pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní "máa wò ó tí mo bá dé láti Úmúrà" lè dé kí ó má bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ tún rántí ímeèlì. Outlook máa ń kó lẹ́tà pamọ́ sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pst. Fáìlì yìí lè wà nínú fódà tí ó ń jẹ́ Outlook Files lábẹ́ Documents. Ẹni tó bá kó ìwé Word àti Excel nìkan kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ ti fi gbogbo lẹ́tà àwọn tó ń tọrẹ sílẹ̀ sẹ́yìn.

ÈKEJÌ: Ọ̀RỌ̀ ỌJỌ́ ÀTI OṢÙ

Èyí ló léwu jù, nítorí pé kò ní pariwo. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ni wọ́n ti tò sí ìlànà Amẹ́ríkà. Nílẹ̀ wa, àti ní Ìlú Ọba, ọjọ́ là ń kọ ṣáájú oṣù. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́. Bí akọ̀wé bá tẹ 3/4/2026 sínú Excel, tó ní ọjọ́ kẹta oṣù April lọ́kàn, ẹ̀rọ náà yóò gbà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù March. Kò ní bi í léèrè. Bó bá sì tẹ 25/4/2026, ẹ̀rọ kò ní mọ oṣù kan tó ń jẹ́ oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nítorí náà yóò fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, kò sì ní lè fi ṣe ìṣirò.

Ẹ wo ohun tí èyí lè dá sílẹ̀. Ọmọ kan tí a bí ní ọjọ́ kejì oṣù November 2010, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní 2/11/2010, yóò di ọmọ ọjọ́ kọkànlá oṣù February. Ó ti fi bí oṣù mẹ́sàn-án dàgbà lójú ẹ̀rọ, ó sì lè jáde kúrò nínú ètò kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Bákan náà ni ti ẹni tó ń yọ Sàká. Ọdún òṣùpá ni a fi ń ka ọdún Sàká, ọjọ́ 354 tàbí 355 ni, ó fi bí ọjọ́ 11 kéré sí ọdún àwọn òyìnbó. Bí ọjọ́ tí owó rẹ̀ pé òǹkà bá ti yí padà nínú ẹ̀rọ, lẹ́tà ìránnilétí tí a fi ń ránṣẹ́ sí i yóò máa dé ní ìgbà tí kò yẹ.

Bí a ṣe lè mọ̀: nínú Excel, tí a kò bá tíì tún ìdúró òpó náà ṣe, ọjọ́ tí ẹ̀rọ gbà ní ọjọ́ máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó gbà ní ọ̀rọ̀ lásán máa ń fara ti ọwọ́ òsì. Bí ẹ bá rí òpó kan tí àwọn kan wà lọ́tùn-ún tí àwọn yòókù wà lósì, ẹ dúró. Àtúnṣe rẹ̀: ẹ lọ sí Settings, kí ẹ yan Time & language, lẹ́yìn náà Language & region, kí ẹ wá yí Regional format kúrò ní ti United States sí ti United Kingdom. Ẹ tún jẹ́ kí òpó ọjọ́ máa fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù, bíi 03-Apr-2026. Ẹni tó bá ń kà á yóò rí àṣìṣe lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n o, yíyí ètò padà kò ní tún èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sódì ṣe. Ìwé pélébé ìbí ọmọ ni kí a fi yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÌKẸTA: ÒDO TÓ SỌNÙ

Nọ́ḿbà àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà jẹ́ òǹkà 10, ti fóònù jẹ́ 11. Gbogbo nọ́ḿbà fóònù wa ni òdo bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nọ́ḿbà àkáǹtì pẹ̀lú. Lójú Excel, òdo tó bá wà níwájú òǹkà kò já mọ́ nǹkan kan, yóò yọ ọ́ dànù. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá kó orúkọ jáde láti inú ètò àtijọ́ sínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní CSV, tí ẹnì kan wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i. Bó ti ń ṣí ni òdo ń já bọ́. Bí ó bá sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó parí.

Ẹ má ṣe ṣí CSV ní àtẹ̀lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣí Excel fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí Data, kí ẹ yan From Text/CSV, kí ẹ sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀, ìyẹn Text, ni òpó àkáǹtì àti òpó fóònù. Bí òdo bá ti já kúrò lára àkáǹtì, ẹ lè dá a padà sínú òpó tuntun pẹ̀lú =TEXT(A2,"0000000000"), níwọ̀n ìgbà tó ti dájú pé òǹkà 10 ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, kí Akápò fi mélòó kan wé ìwé báńkì kí owó tó jáde.

ÌKẸRIN: FÁÌLÌ ÀTIJỌ́ ÀTI ÀYÈ TÓ KÚN

Kí Office 2007 tó dé, .doc àti .xls ni fáìlì wa máa ń jẹ́. Láti ìgbà náà ni .docx àti .xlsx ti wọlé. Ẹ̀rọ tuntun ṣì ń ṣí ti àtijọ́, yóò kàn kọ Compatibility Mode sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìsàn ni, kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìwé tó ń pọ̀ sí i sílẹ̀ nínú .xls, nítorí ìlà 65,536 péré ló lè gbà. Fáìlì .xlsx lè gba ìlà 1,048,576.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù September sí ọjọ́ 2 oṣù October ọdún náà, orúkọ 15,841 ènìyàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò wọ inú òǹkà ojoojúmọ́ tí ìjọba ń gbé jáde. Ilé ìròyìn gbé e jáde pé fáìlì .xls àtijọ́ ni wọ́n ń kó èsì àyẹ̀wò sí, àyè sì ti kún. Àwọn aláìsàn gbọ́ èsì tiwọn, ṣùgbọ́n wíwá àwọn tí wọ́n ti bá pàdé kiri falẹ̀. Bí ìjọba ńlá bá lè rí irú èyí, ẹgbẹ́ wa náà ní láti ṣọ́ra. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ kọ iye orúkọ tó wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀, ẹ ka iye tó wà lórí tuntun, kí méjèèjì sì bá ara wọn mu. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àròpọ̀ owó pẹ̀lú.

Ẹni tó bá ń lo Access tún ní èyí láti gbọ́: fáìlì tí wọ́n fi Access 97 ṣe kì í ṣí lórí Access 2013 àti èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ní Access 2003, 2007 tàbí 2010, ẹ ṣí i níbẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ ní ìlànà tuntun kó tó wá. Ìdí kan tún nìyí tí mo fi ní kí ẹ má ju ẹ̀rọ àtijọ́ nù.

ÌKARÙN-ÚN: LẸ́TÀ YORÙBÁ ÀTI LÁRÚBÁWÁ

Ọ̀pọ̀ wáàsí àti ìwé ìpàdé wa àtijọ́ ni wọ́n fi fọ́ńtì àkànṣe tẹ̀, tí wọ́n fi ẹ àti ọ jókòó sí àyè àmì mìíràn. Lórí ẹ̀rọ tuntun, wọn a di jágbajàgba. Ọ̀rọ̀ náà kò bàjẹ́ o, fọ́ńtì rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Ẹ wá a nínú fódà Fonts tó wà lábẹ́ Windows lórí ẹ̀rọ àtijọ́, kí ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, ìlànà Unicode ni kí ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, kí ó lè hàn dáadáa níbikíbi. Fún Lárúbáwá, ẹ lọ sí Language & region, kí ẹ fi Arabic kún un. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ yóò wọlé.

Ewu tó wà nínú orúkọ ni pé, lójú ẹ̀rọ, "Ráṣídì" tó ní àmì, "Rasidi" tí kò ní, àti "Rasheed" jẹ́ ènìyàn mẹ́ta. Bí a bá da àkọsílẹ̀ méjì pọ̀, ọmọ kan lè gba owó lẹ́ẹ̀mejì, kí òmíràn má rí gbà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà tirẹ̀ tí kì í yí padà. Nọ́ḿbà yẹn ni kí a máa fi wá a.

ÌKẸFÀ: BÍ WORD TÀBÍ EXCEL BÁ KỌ̀ TÍ KÒ ṢÍ

Ẹ má ṣe sáré pe ẹni tí yóò pa gbogbo ẹ̀rọ rẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ excel /safe, tàbí winword /safe. Bó bá ṣí báyìí, á jẹ́ pé àwọn àfikún tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó ń dà á láàmú. Bí kò bá ṣí síbẹ̀, ẹ lọ sí Settings, Apps, Installed apps, ẹ wá Office tàbí Microsoft 365, ẹ tẹ Modify, kí ẹ yan Quick Repair. Kì í pẹ́, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìyẹn kò bá ṣe é, ẹ yan Online Repair, tó máa ń gba àkókò àti dátà.

Láti Office 2019 ni 64-bit ti di èyí tó ń wọlé fúnra rẹ̀. Àfikún ìṣírò owó tí wọ́n ṣe fún 32-bit lè má bá a mu. Ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ gbé Office 32-bit wọlé, Windows 11 gbà á. Bákan náà, láti 2022 ni Office ti ń dí macro tó bá wà nínú fáìlì tó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Bó bá jẹ́ Akápò wa ló fi ránṣẹ́, tí ẹ sì ti pè é lórí fóònù tó jẹ́rìí sí i, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún asin lórí fáìlì náà, ẹ yan Properties, kí ẹ fi àmì sí Unblock. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ààbò ni, kì í ṣe àrùn.

ÌKEJE: PÍRŃTÀ

Bí pírńtà bá ń sọ pé ìwé kò sí, tí ìwé sì kún inú rẹ̀, ẹ wo ìwọ̀n ìwé. Ìlànà Amẹ́ríkà ń béèrè Letter, A4 ni àwa ń lò. Bí iṣẹ́ bá ń lọ sí pírńtà tí kì í ṣe tiyín, ẹ lọ sí ibi ètò pírńtà, kí ẹ pa Let Windows manage my default printer, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín yan tiyín.

ÌKẸJỌ: ÈTÒ JÍJÍ ÀTI Ẹ̀RỌ ÀTIJỌ́

Ẹnì kan lè wá sọ pé òun yóò bá wa gbé Office wọlé ní owó pọ́ọ́kú, láìní ìwé àṣẹ. Kò yẹ kí a fi ohun jíjí ṣọ́ owó Sàká. Yàtọ̀ sí ti ẹ̀sìn, ohun tí wọ́n fi ń já àgádágodo Office lè gbé kòkòrò kọ̀ǹpútà wọlé. Bí owó kò bá tó, LibreOffice wà, ọ̀fẹ́ ni, kò lòdì sí òfin. Ó ń ṣí .doc, .xls àti .xlsx. Ẹ kàn gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹ̀dà fáìlì yín ṣáájú, nítorí pé macro tí wọ́n ṣe fún Excel lè má ṣiṣẹ́ tán níbẹ̀.

Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti bára mu, tí a wá fẹ́ ta ẹ̀rọ àtijọ́ tàbí fi tọrẹ, pípa fáìlì rẹ́ lásán kò tó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lè jí i dìde. Kí a fọ inú rẹ̀ mọ́ pátápátá, tàbí kí a yọ hard disk rẹ̀ kúrò. Òfin ààbò ìsọfúnni ará ìlú tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 dè wá, ṣùgbọ́n ìtìjú ọmọ òrukàn ti dè wá ṣáájú rẹ̀. Kò yẹ kí ẹni tó ra ẹ̀rọ lọ́jà máa ka orúkọ àwọn tó ń gba Sàká.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ̀yin tó ń yọ Sàká, bí ọ́fíìsì bá pè yín láti tún béèrè ọjọ́ tàbí nọ́ḿbà fóònù, ẹ má bínú, ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ kọ oṣù ní lẹ́tà lórí fọ́ọ̀mù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní PIN tàbí password, ọ́fíìsì kò ní béèrè ìyẹn láé. Ẹ̀yin alágbàtọ́, bí owó oṣù kan kò bá wọlé, ẹ má dákẹ́, ẹ wá sọ. Ó lè jẹ́ òdo kan ló já bọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó mọ kọ̀ǹpútà, wákàtí méjì yín lọ́jọ́ Sátidé láti fi ìwé àtijọ́ wé tuntun, sààráà ni.

Ìbéèrè tí Ọlọ́hun yóò bi wá lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ kì í ṣe irú kọ̀ǹpútà tí a lò, bí kò ṣe ibi tí ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn wọlé sí. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè dáhùn. Kí Ó fi àlùbáríkà sí ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín, kí Ó tọ́jú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí Ó sì forí jin àwọn òbí wọn. Àmín.

Àsàláámù àléékùn wàráhímọ́túláhì wàbárákátù.